Ta Ni Bàbá Ìbẹ́pẹ Àpèkẹ́?

Lánàá, kí ìrì tó gbẹ lójú ọ̀nà Akanran, ẹjọ́ ti dé ààfin Baálẹ̀ wa. Ààfin náà kò tóbi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni a jókòó sí.

Àpèkẹ́ ló pe ẹjọ́. Opó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Láyí, aládùúgbò rẹ̀, ló pè lẹ́jọ́. Ọgbà kan ló là wọ́n láàárín.

"Àpèkẹ́, kí ló dé?" Baálẹ̀ bi í.

"Baálẹ̀, ọ̀la ni ìkórè ìjọ wa. Lọ́dọọdún, ìbẹ́pẹ mi ni mo fi ń dúpẹ́. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Mo jí lónìí kí n lọ ká a, mo bá igi lófìfo. Mo yọjú wo ẹ̀yìn ọgbà, mo rí apẹ̀rẹ̀ kan nílẹ̀ Láyí. Ìbẹ́pẹ mi ló kún inú rẹ̀. Ẹ bá mi bi í, kí ni kí n gbé lọ síwájú Ọlọ́run lọ́la? Ewé?"

Baálẹ̀ kọjú sí Láyí.

"Ṣé o ká a?"

"Mo ká a, Baálẹ̀."

"Ṣé igi rẹ ni?"

"Igi rẹ̀ ni."

"Olè nìyẹn."

"Rárá o! Èmi kì í jalè. Àwọn ọmọ mi ni mo lọ kó wálé."

Ìyálóde ká gèlè kúrò létí.

"Tún un sọ, Láyí."

"Ẹ ṣé, Ìyálóde. Akọ ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé mi. Òdòdó nìkan ló ń yọ, tó ń rọ̀ dirodiro. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àpèkẹ́ yìí gan-an sọ lójú mi pé igi náà jọ èmi alára: ariwo púpọ̀, èso kò sí."

"Mo sọ ọ́," ni Àpèkẹ́ wí. "N kò tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

"Ẹ ò gbọ́ bí? Ó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Praise, ọmọ àbúrò mi, ti Ajíbọ̀dé wá kí mi. Ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó wo igi mi, ó wo ti Àpèkẹ́, ó ní bí kì í bá ṣe ti akọ, abo yẹn kò lè so bó ṣe ń so yìí. Mo ro ó títí. Ẹ̀yin ìjòyè, nílẹ̀ wa níbí, ta ló lọmọ?"

"Bàbá ni," ni àwọn ìjòyè wí. Ó ti bọ́ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó ronú.

"Ó parí! Bí wọn kò bá sì fún mi lọ́mọ mi, màá gé akọ yẹn lónìí. Ká wo ohun tí Àpèkẹ́ máa gbé lọ sí ìkórè ọdún tó ń bọ̀."

Àpèkẹ́ fò dìde. "Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ sọ igi mi di opó bíi tèmi!"

Baálẹ̀ ní kí Praise, tó jókòó lẹ́yìn Láyí, bọ́ síwájú. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo sọ?"

"Mo sọ ọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n lọ ká a o."

"Igi kan wà lọ́hùn-ún, èkejì wà níhìn-ín. Wọn kì í rìn. Báwo ni wọ́n ṣe ń pàdé?"

"Lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú òdòdó akọ, sà, bí àtíkè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òdòdó náà á máa ta sánsán. Àfòpiná á wá mu omi dídùn inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tó bá tún bà lé òdòdó abo, ó ti gbé e débẹ̀ nìyẹn. Òdòdó abo á di èso."

"Abo náà ní omi dídùn?"

"Kò ní, sà. Ó kàn jọ ti akọ ni. Àfòpiná á ṣì í mọ̀, á dé ibẹ̀, kò ní rí nǹkan kan mu."

Baálẹ̀ mi orí. "Alárinà tí kò rí nǹkan jẹ. Mo mọ irú wọn."

"Irọ́ ni gbogbo ẹ̀!" ni Àpèkẹ́ wí. "Ẹ pe Àjàní."

Àjàní ló ń bá Àpèkẹ́ ro oko. Ó bọ́ síwájú, ó yọ fìlà.

"Baálẹ̀, ẹ má dá àfòpiná lóhùn. Èmi ni mo mú kí igi yẹn so. Mo mú àdá, mo fi gbá a nídìí, mo ní, 'Bí o ò bá so lọ́dún yìí, gígé ni.' Ẹ̀rù bà á. Ó so."

"Àjàní," ni Àpèkẹ́ wí, "eérú tí mo ń dà sí i ńkọ́?"

"Eérú kọ́, Ìyá. Àdá ni."

"Eérú ni!"

"Àdá ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

Ìyálóde dá sí i. "Àjàní, kí ló dé tí o kò fi àdá halẹ̀ mọ́ akọ Láyí?"

"Mo halẹ̀ mọ́ ọn. Olóríkunkun ni."

A ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Sàníù, télọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, dìde. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Baálẹ̀, akọ ìbẹ́pẹ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù èmi náà. Ó tilẹ̀ sún mọ́ ti Àpèkẹ́ ju ti Láyí lọ. Bí ẹ bá ń wá bàbá ọmọ, èmi nìyí."

"Sàníù!" ni Láyí ké. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ìbẹ́pẹ ti dé ilé ẹjọ́."

Baálẹ̀ yíjú sí Praise. "Èwo ni bàbá nínú wọn?"

"Kò ṣeé mọ̀, Bàbá. Àfòpiná lè ti ọ̀dọ̀ méjèèjì wá. Kódà, nínú ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo, àwọn kóró rẹ̀ lè má jẹ́ ọmọ bàbá kan náà."

"Yéè!" Ìyálóde bojú. "Ohun tí wọ́n fẹ́ gbé wọ ilé Ọlọ́run nìyẹn?"

"Kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n lè ṣe?" Baálẹ̀ bi í.

"Ó wà nílé ìwádìí, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ la gbogbo ìbẹ́pẹ náà."

"Ẹ má la nǹkan kan!" ni Àpèkẹ́ wí.

Baálẹ̀ wo Láyí.

"O ní bàbá ló lọmọ. Mo gbà. Ṣé o gbé ìdána lọ fún Àpèkẹ́?"

"Igi ni, Baálẹ̀."

"Mo mọ̀ pé igi ni. Ìwọ lo sọ ọ́ di bàbá ọmọ. Ṣé o gbé ìdána?"

"Rárá, Baálẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Kí ìbẹ́pẹ padà sọ́wọ́ Àpèkẹ́ nísinsìnyí. Láyí ni kí ó gbé e dé ìjọ lọ́la. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àdá kan akọ yẹn. A kì í tìtorí ìjà àna pa ọkọ. Bí igi Láyí bá jẹ́ ọkọ, Àpèkẹ́ ti di ìyá ìyàwó. Láti òní lọ, níbi tí Láyí bá ti rí i, kí ó dọ̀bálẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, kí ó ṣe ọ̀wẹ̀ àna: kí ó ro oko ẹ̀gẹ́ Àpèkẹ́ kí ó tó ro tirẹ̀. Bí òrùlé Àpèkẹ́ bá ń jò, Láyí ni kí ó gùn ún."

Láyí nawọ́ sí Sàníù.

"Baálẹ̀, ẹ wò ó, igi Sàníù ló sún mọ́ ọn jù."

"Tèmi?" ni Sàníù wí. "Tèmi kò tíì bàlágà, Baálẹ̀."

"Ìwọ lo sọ pé ìwọ ni bàbá!"

"Mo ń dá yín lára yá ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ ṣe é," ni Baálẹ̀ wí. "Ọjọ́ tí àfòpiná bá wá síbí, tó sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun ti ń bọ̀, a ó tú ẹnì kejì sílẹ̀."

Ó dìde. Ẹjọ́ tú ká.

Láàárọ̀ yìí, mo rí wọn lójú ọ̀nà. Láyí di apẹ̀rẹ̀ mú létí kan. Sàníù, ọmọ mọ́ṣáláṣí, di etí kejì mú. Ẹnu ọ̀nà ìjọ ni wọ́n dorí kọ. Àpèkẹ́ ń tẹ̀ lé wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú Bíbélì lábíyá.

"Ẹ rọra, ẹ̀yin àna mi," ni ó ń wí. "Ẹ má fọ́ àwọn ọmọ yín."