Ápù Inú Pâte

Ọjọ́rú kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Aṣọ ilé ìwé Mofẹ́ ọmọ mi ni mò ń fọ̀ lọ́wọ́ nínú ọgbà ilé wa ní Attiégou, ọṣẹ ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi, nígbà tí fóònù dún lórí àpótí. Olùkọ́ Mofẹ́ ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí wáásáàpù. Faransé ni látòkè délẹ̀, ó sì ń yára bí ẹni tí òjò ń lé. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ kò ju "Mofé", "pommes", "demain" àti "merci" lọ. Mo nu ọwọ́ mi, mo tẹ "D'accord, madame" ránṣẹ́ sí i, mo sì padà sídìí aṣọ mi.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìbàdàn ni mo ti parí girama, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi kàwé. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Lomé, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara fóònù ní ọjà Adawlato. Faransé tí mo gbọ́, inú ọjà ni mo ti ṣà á jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀gúsí tó dà sílẹ̀. Mo mọ orúkọ ohun tí à ń jẹ, mo mọ bí a ṣe ń ná ọjà, mo sì mọ "d'accord", ìyẹn "ó dáa". Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú "d'accord" wò. Kò sí ibi tí kì í gbé ènìyàn dé.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, àwọn ọmọ kì í lọ sí ilé ìwé. Mo pe Mofẹ́, ọmọ ọdún méje. "Kí ni olùkọ́ yín ń wí?"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ha ilẹ̀. "Ó ní ẹ ṣeun. Ó ní chaussons aux pommes tí ẹ fẹ́ gbé wá lọ́la."

"Tí ta ni fẹ́ gbé wá?"

"Tí ẹ̀yin, Mọ́mì."

Àṣé olùkọ́ ti bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí ìyá kálukú yóò ṣe wá fún ìpápánu kíláàsì wọn. Ẹnìkan ní gààrí dídùn, ẹnìkan ní ẹ̀pà oníṣúgà. Ọmọ tèmi ní chaussons aux pommes, oúnjẹ kan tí wọ́n máa ń fi ápù sínú rẹ̀, tí wọ́n á pa á dé, tí wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n dín in. Inú ìwé kíkà wọn ló ti rí àwòrán rẹ̀. Chausson yìí kan náà ni Faransé ń pe bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé. Bàtà ápù. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀ pé nǹkan yìí yóò tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé yìí ni. Àwọn ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ń pè é ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, wọn kì í sì í jẹ́ kó bá wọn fo okùn. Lọ́jọ́ tí mo tètè lọ mú un, òun nìkan ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń ká etí aṣọ rẹ̀, tó ń tú u. "Ó dáa," mo ní, "a ó ṣe é."

A ra ápù lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé e kiri lórí atẹ. A wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Mofẹ́ ń ka Faransé, èmi ń ṣe bí ẹni tó yé. Gé ápù wẹ́wẹ́, fi ṣúgà àti bọ́tà díẹ̀ sí i, sè é kó rọ̀. Ìyẹn lọ dáadáa. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà, ó sì mú Davi Sẹ̀sílì yọjú láti yàrá kejì. Davi ni wọ́n ń pe obìnrin tó ju ni lọ díẹ̀ níbí, bí ìgbà tí a bá ní àǹtí. Ọmọ Kétu ni, Yorùbá tirẹ̀ àti tèmi gbọ́ ara wọn yé, ó sì kàwé ní Faransé.

"Mama Mofẹ́, kí ló ń ta sánsán báyìí? Ṣé kí n wá bá ọ dá sí i?"

"Ó ti yé mi, Davi. Ẹ ṣeun."

Ó ti yé mi! Ẹ gbọ́ ẹnu mi ná.

"Étalez la pâte," Mofẹ́ kà. "Mọ́mì, wọ́n ní kí ẹ tẹ́ pâte."

Èmi àti ọmọ mi wo ara wa. Ní Lomé yìí, kò sí ọmọdé tí kò mọ pâte. Ọkà àgbàdo ni, èyí tí àwọn Ewé ń pè ní akumɛ, tí à ń rò nínú ìkòkò, tí à ń fi ọbẹ̀ jẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ tí mi ò rò ó. "Ìyẹ̀fun àgbàdo ṣì wà nínú ike," ni Mofẹ́ wí, ó sì sáré lọ gbé e wá.

Mo gbé omi kaná, mo mú orógùn, mo ro ọkà tó dán, tó le dáadáa. Mo tẹ́ ẹ sórí atẹ́ onípáànù, àtẹ́lẹwọ́ mi ń jó. Mo bu ápù sí àárín, mo ká a dé. Wọ́n ní kí n fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀. Ọkà kò mọ fọ́ọ̀kì. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi omi pa á lójú. Àwọn bàtà ápù mi wá jókòó lórí atẹ́ náà, wọ́n wú, wọ́n rọ̀, bí àwọn ìyá àgbà tó jẹun yó tí oorun ń kùn.

"Ti inú ìwé ń dán," Mofẹ́ ní.

"Tó bá dé inú òróró, á dán."

Èyí àkọ́kọ́ dákẹ́ nínú òróró. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń yin ara mi. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu, gbogbo ápù àti ṣúgà inú rẹ̀ sì tú jáde. Àwọn yòókù wá bẹ̀rẹ̀. Pòò! Tàà! Ọ̀kan fò lu àjà, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Òmíràn gba ojú fèrèsé jáde, ó lọ balẹ̀ sórí aṣọ ilé ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Mo fa Mofẹ́ sábẹ́ tábìlì, mo fi ọmọrí ìkòkò bo orí rẹ̀, mo fi atẹ́ bo tèmi, mo na ọwọ́ gbọọrọ pa gáàsì. Ìyá tó ń se bàtà ápù rèé o, ó ń rákò nínú ilé ìdáná ara rẹ̀.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Ó dà bí ọkà tó bá ọbẹ̀ rẹ̀ jà.

Mo rò pé Mofẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló bú sí. "Wọ́n á sọ pé òótọ́ làwọn sọ! Wọ́n ní ẹ ò gbọ́ Faransé. Wọ́n ní ńṣe lẹ kàn máa ń rẹ́rìn-ín ní géètì ilé ìwé. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni, pé ẹ máa ń ka Faransé, ẹ sì máa ń fi ṣe chaussons."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé mo máa ń rẹ́rìn-ín ní géètì. Bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Bí ìyá ọmọ mìíràn bá kí mi ju "bonjour, ça va" lọ, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ń bò mí láṣìírí. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ló ń bá mi ru ẹrù rẹ̀ wọ kíláàsì, tó sì ń fi ẹnu kékeré rẹ̀ gbèjà mi.

Mo dìde, mo kan ilẹ̀kùn kejì. "Davi, ẹ jọ̀ọ́. Kò yé mi."

Ó wọlé, ó wo agbada, ó wo àjà. "Kí lèyí?"

"Pâte ni. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe é."

Davi Sẹ̀sílì di ògiri mú. "Yéè! Mama Mofẹ́! Pâte tí à ń fi ọbẹ̀ ilá jẹ?"

"Ṣé òmíràn tún wà ni?"

"Fúláwà tí a bá fi bọ́tà pò, pâte náà ni wọ́n ń pè é! Èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà fi ń ṣe míìtì-páì yín!"

Míìtì-páì! Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà tí mo wà ní girama, tí mo lè fi ojú dídì ṣe. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bá ọkà wọ̀yá ìjà, ohun tí mo mọ̀ ló wà níwájú mi, tó kàn ń jẹ́ orúkọ mìíràn.

A dúpẹ́ pé ápù ṣì kù nínú ìkòkò. Mo po fúláwà, mo fi ìgò yí i, fọ́ọ̀kì sì tẹ etí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán. Davi jẹ ọ̀kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tún mú òmíràn nítorí pé, ó ní, ti àkọ́kọ́ kò tíì dá òun lójú.

Láti ọjọ́ náà, mo ti ń sọ ọ́ ní géètì: "Je n'ai pas compris." Kò yé mi. Olùkọ́ á dúró, á tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín, ayé kò sì tíì parẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì yẹn, nígbà tí Mofẹ́ dé pẹ̀lú abọ́ òfìfo, kò sáré wá bá mi bó ṣe máa ń ṣe. "Mọ́mì, mo sọ fún wọn."

"O sọ kí ni?"

"Nípa pâte. Pé ẹ fi ọkà wé ápù, tó sì bú gbàmù."

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Afi, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pè mí ní Anago, ní kí n tún un sọ. Ó ní kí n wá jókòó ti òun kí òun lè gbọ́ dáadáa. A sì fo okùn."

"Ṣé o sọ fún wọn pé ìwọ lo kà á fún mi? Pé ìwọ lo sáré lọ gbé ìyẹ̀fun àgbàdo wá?"

Ó wo ilẹ̀. "Rárá o, Mọ́mì."

Ẹ̀rín pa mí títí omi fi jáde lójú mi, mi ò sì lè sọ pé gbogbo omi náà ló jẹ́ ti ẹ̀rín. Mo fà á mọ́ra. "Ọmọ mi," mo sọ fún un, "nígbà mìíràn tí o bá ń sọ ọ́, fi ara rẹ sí i. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Ìdajì ẹ̀rín yẹn, tìrẹ ni."