Ọjọ́ Méje Tí Ephraim Fi Yọ́ Irin ní Sango

Bí ẹ bá ń lọ ní Ìjòkó, tí ẹ rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kan tí wọ́n kọ OPOLO AYE gàdàgbà sí lẹ́yìn, ẹ ya fún un. Ephraim Fákọ̀yà ló wà nínú rẹ̀. Ọpọlọ ayé ló ní kí wọ́n kọ, àmọ́ ẹni tó bá a kọ ọ́ ní Ìyànà Ìyẹsí kò fi àmì ohùn sí i, làwọn ọmọ àdúgbò bá ń kà á ní ọ̀pọ̀lọ́. Ephraim ní ìlara ni.

Òun ló ń kọ eré fún ìjọ wọn. Ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ ọ́, eré mẹ́fà ló sì ti kọ, bí ẹ bá fẹ́ pè é ní mẹ́fà. Ìyàwó kan á máa fìyà jẹ ọmọ orogún rẹ̀, àìsàn á kọlù ú, á jẹ́wọ́, wọ́n á gbàdúrà, ó parí. Lọ́dún tó kọjá, kí ìkà obìnrin náà tó la ẹnu, àwọn ará ìjọ ti ń bá a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí ìjókòó wọn.

Pásítọ̀ Olúṣẹ́gun pè é sí ọ́fíìsì.

"Bírọ̀dá Ephraim, ibì kan náà lẹ ń jókòó sí, ohun kan náà lẹ sì ń rò. Ẹ jáde. Ẹ lọ wo ohun tí ẹ ò rí rí. Bí eré àjọ̀dún ọdún yìí bá tún jẹ́ ti orogún, ẹlòmíràn ni n óò gbé iṣẹ́ yẹn fún."

Ẹlòmíràn ì bá kàn jáde lọ ní tirẹ̀. Àmọ́ Ephraim, Alágbẹ̀dẹ Ọ̀rọ̀, Ọba Ìmísí, kò lè jáde kí gbogbo ayé má mọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará, ọjọ́ méje ni mo fẹ́ lọ fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Sango. Ibẹ̀ ni n óò máa sùn. Mo fẹ́ mọ ohun tí ojú òṣìṣẹ́ ń rí. Bí iná bá ń jó mi, èrò ni yóò máa jáde."

Ìjọ ṣe àmín. Àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà fún un bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, wọ́n sì ra bàtà iṣẹ́ àti ìbọ̀wọ́ fún un. Dásọ́lá ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ mọ̀ pé ọkọ òun ò lè dúró ti omi gbígbóná.

Pásítọ̀ ló bá a bá Kàdírì sọ̀rọ̀, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iléru. Lọ́jọ́ Ajé, Ephraim ya fọ́tò mẹ́rìnlá lẹ́nu géètì, ó kó wọn sórí Facebook kó tó wọlé. Kàdírì dé e ní akoto, ó fà á lé Bàdírù lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó ti ń fi ṣọ́bìrì kó àlòkù irin níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Nígbà tí iléru la ẹnu, Ephraim rò pé irun ìpéǹpéjú òun ti tán. Ó kó ṣọ́bìrì méjì. Ó gba nọ́ńbà Bàdírù, ó fún un ní nǹkan díẹ̀, ó sì béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Èyí tó rí wà nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Itele, tòun ti ẹ̀rọ amúlétutù àti bẹ́ẹ̀dì ńlá.

Nírọ̀lẹ́, ó dùbúlẹ̀, ó gbé abọ́ ẹja díndín sáyà, ó pe Bàdírù.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi lónìí?"

"Ẹ kó irin, ọ̀gá. Ẹ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ẹ tún kó irin."

"Ìyẹn ò tó. Èrò ni mo ń wá. Ronú sí i dáadáa."

Bàdírù ronú sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó ní obìnrin kan wá sẹ́nu géètì, ó ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ ti gbé bẹ́ẹ̀dì onírin tí bàbá wọn fi sílẹ̀ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, bẹ́ẹ̀, inú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìwé ilẹ̀ wọn wà.

Ephraim dìde jókòó. "Kí ni mo wá ṣe?"

"Ẹ ní kó fara balẹ̀, ẹ óò bá a wá a."

Lọ́jọ́rú, taransifọ́mà ilé iṣẹ́ náà bú gbàmù, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé títí di ọjọ́ Ajé. Bàdírù kò rò pé ó yẹ kóun fi ìyẹn da ọ̀gá láàmú. Orí àga nílé ló ti ń sọ ìyókù, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń sọ ohun tó kù tí obìnrin náà lè ṣe. Ephraim ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó ra èédú lọ́wọ́ ẹni tó ń dín àkàrà, ó fi pa ojú àti ọrùn, ó sì wọ Ìjòkó.

Ọjọ́ àjọ̀dún dé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ephraim ní òun fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ó ti wà lórí pèpéle kó tó rí i pé Pásítọ̀ ti ránṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kún ìlà mẹ́ta níwájú. Bàdírù wà láàárín wọn, ó tẹrí ba.

Kò sí ibi tí Ephraim fẹ́ gbà sá. Ó sọ ti obìnrin náà, ó sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìyá ìjọ ń nu ojú.

"Lọ́jọ́ Ẹtì," ó ní, "mo rí i pé bẹ́ẹ̀dì náà ti ń lọ sẹ́nu iléru. Iná ń jó lala. Mo bẹ́ lé e."

Kàdírì na ọwọ́ sókè. "Ẹ forí jì mí. Ọjọ́ Ẹtì wo?"

"Ti ọ̀sẹ̀ tí mo wà lọ́dọ̀ yín."

"Taransifọ́mà wa ti bú láti Ọjọ́rú. Kò sẹ́nì kankan níbi iṣẹ́. Iléru tutù débi pé ológbò ń sùn nínú rẹ̀."

"Èmi nìkan ni mo dúró ṣiṣẹ́."

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọ̀gá. Láti ọjọ́ Ajé tí ẹ ti béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la ti ń retí yín."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú láti ìlà mẹ́ta yẹn, ó wá gba gbogbo ilé. Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Bírọ̀dá Ephraim, níbo lẹ ti wá rí ìtàn yìí?"

"Ìmísí ni, sà."

Bàdírù dìde. "Kì í ṣe Ìmísí, sà. Èmi Bàdírù ni. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù láti òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní kí n ronú sí i." Ó yíjú sí Ephraim. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́ ní gbangba."

Ẹ̀rín tún fẹ́ sọ, àmọ́ ìyá arúgbó kan ti dìde lẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́ sí Bàdírù.

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n padà rí ìwé ilẹ̀ náà?"

Gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Ephraim, ó sì gbé e fún Bàdírù.

Kò sẹ́ni tó wo Ephraim nígbà tó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Dásọ́lá pàápàá kò bá a lọ. Ó ti sún mọ́ iwájú.

Níta, bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ wá ti dí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, dírẹ́bà sì wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn yòókù. Ephraim wọnú ọkọ̀, ó jókòó. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ já, ariwo nìkan ló ń gbọ́: wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dákẹ́ pátápátá, wọ́n á kígbe pọ̀. Ó pẹ́ gan-an kí dírẹ́bà tó jáde, ó ń nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dópin ni."

Ephraim di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń wo iwájú.

"Báwo ló ṣe wá parí?"

Dírẹ́bà ti gun bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó yọ orí jáde.

"Ẹ pe Bàdírù, kẹ́ ẹ bi í."