Yàrá Tí Ohùn Kì Í Jáde

Ẹ má bi mí bóyá Olúwaníyì gbọ́n tàbí kò gbọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kékeré kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ń se iṣu, á ní òun ń ṣàyẹ̀wò bí ooru ṣe ń wọnú iṣu. Bí òjò bá pa á, á ní òjò Èkó kọ́ nìyí, pé ti Èkó ní ìlànà. Gbogbo Odìgbó ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn rédíò ìjọba: wọn kì í gbà á gbọ́, síbẹ̀ wọn kì í pa á.

Ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn ológun ló wà lórí oyè. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n gbé dé, ti gbẹ àpò gbogbo ayé, bẹntiróòlù di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀, ilé-iṣẹ́ sì ń tilẹ̀kùn káàkiri. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba orin sílẹ̀ tí Olúwaníyì wà l'Ékòó náà kógbá sílé. Wọn kò rí owó oṣù san, ni ọ̀gá bá ní kí oníkálukú kó lára ẹrù ibẹ̀ lọ. Báyìí ni ọkùnrin wa ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Ore pẹ̀lú àpótí, wáyà àti ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, tó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, tó ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kadà pé ọwọ́ àìmọ̀kan máa ń ba iná inú ẹrù òun jẹ́. Èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé oúnjẹ ló máa ń lọ rà fún àwọn olórin níbi iṣẹ́ náà.

Yàrá tí bàbá rẹ̀ olóògbé ń kó kòkó sí ní Odìgbó ló sọ di ilé-iṣẹ́. Ó kan àpò kòkó mọ́ gbogbo ara ògiri, ó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ lé e, ó lẹ kíréètì ẹyin mọ́ àjà. Ó ní ohùn kankan kò ní jáde níbẹ̀, kò sì ní wọlé. Ó bo inú ilẹ̀kùn náà bákan náà. Nígbà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà nínú kò jẹ́ kí àpò jókòó dáadáa, ó yọ ọ́, ó jù ú sígbó. Ó ní irin tó ń mì kì í bá díjítà rẹ́.

Bí ẹ bá ṣèèṣì béèrè ohun tó ń jẹ́ díjítà, ẹ ti wọ gàù nìyẹn. Á ní ẹ̀rọ méjì ni òun ní. Èyí ńlá tí rìlì téèpù ń yí lórí rẹ̀ ni ánálọ́ọ̀gù, ti àwọn bàbá wa. Èyí kékeré tó tó Bíbélì, tí nọ́ńbà ń tàn lójú rẹ̀, ni díjítà. Ó lè lu ìlù ogún ọkùnrin láìjẹ láìmu. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé èdè Jàpáànù ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá. Ìlù kan ṣoṣo tí Olúwaníyì sì tíì rí nínú rẹ̀ dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí kan agolo mílíìkì.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lásán bí kò bá sí ti Moyọ̀sọ́lá. Moyọ̀sọ́lá ń ránṣọ ní Ore, Olúwaníyì sì fẹ́ ẹ débi tí kì í lè sùn dáadáa mọ́. Ìyá ọmọ, Màmá Elizabeth, ni olórí akọrin ìjọ aláṣọ funfun kan ní Odìgbó, kì í sì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní òun kò rí oko lọ́wọ́ Olúwaníyì, òun kò rí ṣọ́ọ̀bù, ẹnu nìkan lòun rí. Olúwaníyì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gba orin ìkórè ìjọ wọn sílẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ òun. Màmá wò ó títí.

"Ó dáa. Bí kásẹ́ẹ̀tì yẹn bá dùn, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Bí kò bá dùn, mi ò fẹ́ rí bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́."

Ìgbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀rọ, tábìlì àti àga tí òun fẹ́ máa jókòó lé ti gba gbogbo yàrá. Akọrin kan kò lè wọ ibẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹgbẹ́ akọrin. Ọkùnrin náà kò mira. Ó ní ìlànà tuntun ni pé kí akọrin dúró níta gbangba, kí ẹ̀rọ nìkan wà nínú yàrá tí ohùn kì í wọ̀. Ó so maikirofóònù mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, ó fa wáyà rẹ̀ gba abẹ́ òrùlé wọlé. Ó wá gbé gílóòbù pupa kọ́ sókè ilẹ̀kùn, ó ní bí iná yẹn bá ti ń tàn, iṣẹ́ ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ ṣọ́jà. Ti àwọn aláṣọ funfun tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èèwọ̀ ni pupa nínú ìjọ wọn, wọn kì í sún mọ́ ọn rárá.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n dá, ó wọlé ṣáájú wọn. Ó ti tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó tan gílóòbù, ó jẹ́ kí rìlì máa yí. Ó wá di àpò ara ilẹ̀kùn mú, ó fà á pa gbọin, kí wọ́n lè bá iná pupa lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀rù sì bà wọ́n díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilẹ̀kùn náà máa pa délẹ̀ látìgbà tó ti bò ó. Ó rántí pé òun gbàgbé omi mímu síta, ó nawọ́ láti ṣílẹ̀kùn. Fóòmù lọwọ́ rẹ̀ bà.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wúkọ́. Ó ní kí ẹni tó bá wà níta jọ̀ọ́ bá òun ṣí i, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì fi sọ ọ́, nítorí enjiníà, bó ṣe ń pe ara rẹ̀, kì í ké. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ jẹ́ ká yin ẹni tó yẹ ká yìn: iṣẹ́ ara ògiri yẹn dára.

Ó gbé agbọ́rọ̀ tí wọ́n ń dé mọ́ etí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti dé. Wọ́n ti dé. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà, ó gbọ́ àdúrà, ó gbọ́ bí Màmá Elizabeth ṣe ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò títí pupa yẹn á fi kú. Ohùn gbogbo wọn ń wọlé kedere, tirẹ̀ nìkan ni kò lè jáde. Ó kanlẹ̀kùn bí ọmọlúàbí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lù ú. Ẹnìkan níta béèrè pé kí ló ń dún yẹn, Màmá Elizabeth sì dá a lóhùn.

"Ẹ dákẹ́, ìlù díjítà tó sọ nìyẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọni lára. Mo ti ń rò pé irọ́ lọmọ yìí ń pa, mo ṣẹ̀ ẹ́."

Ọwọ́ Olúwaníyì dúró sókè. Obìnrin yìí kò tíì sọ ohun rere kan nípa rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Bó bá wá mọ̀ pé ṣe lòun ti ara òun mọ́lé, Moyọ̀sọ́lá ti lọ nìyẹn. Ó pinnu láti mú sùúrù.

Ṣùgbọ́n ooru kò mọ ìyàwó. Òrùlé páànù wà lókè, fóòmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, fèrèsé kò sí. Ó bọ́ kóòtù. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó bọ́ ṣòkòtò. Nígbà tó ku pátá nìkan, ẹ̀rù bà á gan-an, ó rí òkú ara rẹ̀ nínú pátá láàárín ánálọ́ọ̀gù àti díjítà. Ló bá dojú ìjà kọ ilẹ̀kùn, ìkúùkù méjì, gìgísẹ̀ kan, ìkúùkù méjì, gìgísẹ̀ kan, ó ń ké pé kí wọ́n gba òun.

Àwọn akọrin gbà á, àmọ́ orin ni wọ́n fi gbà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n da orin ìkórè bolẹ̀. Bí ẹkún bá mú kó lu ilẹ̀kùn kíkankíkan, wọ́n á gbé e sókè. Bó bá rẹ̀ ẹ́, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n rò pé ó ń darí wọn ni. Nígbà tó fi èjìká já lu ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ké alelúyà. Mi ò tíì gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin tó tẹ̀ lé onílù tó báyẹn rí.

Bẹntiróòlù ló yọ ọ́. Ó tán nínú jẹnẹrétọ̀, rìlì dúró, gílóòbù kú. Màmá ní kí Moyọ̀sọ́lá, tó bá wọn wá, lọ kí enjiníà kú iṣẹ́. Ọmọ náà fi ìka méjì yí ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà níta, ó ṣí, Olúwaníyì sì ṣubú lulẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú pátá. Moyọ̀sọ́lá wò ó, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí kò lọ́wọ́, ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó. Nígbà tí Màmá béèrè ohun tó dé, Olúwaníyì dáhùn láti ilẹ̀ pé díjítà kì í fẹ́ aṣọ, pé aṣọ máa ń fa iná rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì náà tàn kálẹ̀. Àwọn awakọ̀ gáréèjì Ore ń gbọ́ ọ lọ Bìní, wọ́n ń gbọ́ ọ bọ̀. Màmá Elizabeth ránṣẹ́, Olúwaníyì sì mú bàbá rẹ̀ kékeré, Adégbóyè, dání, wọ́n lọ. Wọ́n kí ara wọn tán, Màmá wá béèrè pé ìlù inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ta ló lù ú? Olúwaníyì tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹ̀rọ ni, òun kàn tẹ̀ ẹ́ ni.

"O kàn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ló ṣiṣẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ tìrẹ dà?"

Màmá kọjú sí Adégbóyè, ó ní bó bá jẹ́ èèyàn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù yẹn, òun ì bá fún un lọ́mọ lónìí, nítorí ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ tó báyẹn kò ní fi ebi pa ìyàwó. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ títẹ̀, Moyọ̀sọ́lá náà ní ìka. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó ife.

Olúwaníyì wojú Moyọ̀sọ́lá, ó rí i pé ó ń dúró de òun. Ló bá jẹ́wọ́: ọwọ́ ilẹ̀kùn, ooru, pátá, ẹkún. Ọ̀rọ̀ kékeré, tí kò ní ìlànà kankan nínú. Màmá kò gbà á gbọ́. Ó ní kó dìde, kó lu ilẹ̀kùn pálọ̀ kí òun gbọ́. Ó lù ú. Ó dún bí ẹni tó wá gba owó iná. Màmá mi orí, ó ní irọ́ mìíràn tún nìyẹn.

Moyọ̀sọ́lá dìde. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un lọ sí yàrá gààrí tí kò ní fèrèsé, ó bá a bọ́ kóòtù, ó tì í wọlé, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń retí. Wọ́n gbọ́ tó wúkọ́. Wọ́n gbọ́ tó ní Moyọ̀, dákun. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà á, ìkúùkù méjì, gìgísẹ̀ kan.

Ojú Màmá Elizabeth tàn. Ó ní òun gan-an nìyẹn. Ó fa àga sún mọ́ Adégbóyè, wọ́n sọ̀rọ̀ ìdána, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sọ iye iṣu, wọ́n sì fẹnu kò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Adégbóyè béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún ọkọ ìyàwó.

Màmá ti dijú, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná, bàbá. A ò tíì dé ibi ègbè."