Fùrẹ́jọ̀n Tó Ń Re Ìkòròdú

Ní Gúdù Fúráìdè, lọ́dún tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún títì, Hàwáwù opó Ìdúmàgbò gbé abọ́ fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà alágbọn tí àwọn Àgùdà ń jẹ lọ́jọ́ náà, wọ ọkọ̀ tuntun Septimus Candido ní Èbúté Èrò. Candido fẹ́ fi í ṣaya. Ẹ̀gbọ́n Candido obìnrin ní Ìkòròdú ló máa tọ́ fùrẹ́jọ̀n náà wò kó tó fọwọ́ sí i. Hàwáwù, ọmọ ìmàle, kò sè é rí. Ìka rẹ̀ ṣì bó láti ibi tó ti ń rin àgbọn.

"Hàwáwù, wo abẹ́ ọkọ̀ mi! Pẹrẹsẹ bí tábìlì. Èmi ni mo ní kí káfíńtà kàn án bẹ́ẹ̀. Kì í wọnú omi, orí omi ló ń fò."

"Bọ̀dá Candido, ti olóògbé mi mú lábẹ́ bí ọ̀bẹ. Ó máa ń la ìgbì ni."

"Olóògbé, olóògbé! Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó mọ níwọ̀n."

"O ò rí i! Agbára ogójì ẹṣin ni tèmi."

"Ta ní ń já koríko fún wọn?"

Hàwáwù jókòó síwájú, Candido fa okùn ẹ́ńjìnnì nídìí ọkọ̀. Létí èbúté, omi pa rọ́rọ́, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ.

"Ṣé o rí i? Bí ìgbà téèyàn jókòó sórí tìmùtìmù!"

"Ẹ jẹ́ ká dé gbangba ọ̀sà ná."

Wọ́n dé gbangba. Ìgbì kan dé. Pá! Òmíràn dé. Pá! Hàwáwù fò sókè, ó balẹ̀ gbì, abọ́ lórí itan.

"Yéè! Bọ̀dá, ẹṣin yín ń tàpá, ìdí mi ni wọ́n ń ta á sí!"

"Ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ìyàwó ni."

"Ó ń gbá ìyàwó létí ni! Ẹ rọra!"

"Tá a bá tún sáré sí i, a ó fo ìgbì náà kọjá."

"Ẹ́ńjìnnì yẹn ti wúwo jù! Ẹ wo ìdí ọkọ̀ tó ń rì, ẹ wo imú rẹ̀ tó ń wo sánmà!"

"Imú ọlọ́lá kì í wolẹ̀."

Ó fi kún eré ẹ́ńjìnnì. Imú ọkọ̀ nà gbọnrangandan. Hàwáwù fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí ọkọ̀ mú. Abọ́ bọ́, ó yọ̀ láti imú lọ sídìí, ọkọ̀ tún wí pé pá! Abọ́ fò, ó sì dé Candido lórí bí àkẹtẹ̀.

Candido pa ẹ́ńjìnnì. Omi àgbọn ń kán ní irunmú rẹ̀.

"Hàwáwù... kí la máa wí fún ẹ̀gbọ́n mi? Ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

"Ìgbéyàwó dìgbà tẹ́ ẹ bá kan ọkọ̀ tó mú lábẹ́. Ní ti fùrẹ́jọ̀n, ẹ ní kí wọ́n mú ṣíbí wá sétí omi: orí yín ni mo bù ú sí."