Ilẹ̀kùn Tí Kò Mọ Alhaji Raheem

Ẹ má bínú, mi ò lè dárúkọ Alhaji Raheem kí n má rẹ́rìn-ín. Táìlì ló ń tẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́lé sí Igando. Àmọ́ bó bá ra abẹ́rẹ́, àdúgbò ní láti gbọ́ pé ọkọ́ ló rà.

Lọ́dún 2014, ó ra ilẹ̀kùn tó ń fi ìka dá èèyàn mọ̀. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Àtàǹpàkò Alhaji nìkan ló ń ṣí i, ì báà jẹ́ láti ìta, ì báà jẹ́ láti inú. Ó ní olè tó bá wọlé kò ní rọ́nà jáde. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Ó ti fi búlọ́ọ̀kù dí i.

"Ó gbọ́n ju ajá lọ," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Ajá lè gba egungun lọ́wọ́ olè."

"Alhaji, tí ẹ bá jáde, àwa tó wà nínú ilé ńkọ́?" Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ẹ máa dúró dè mí jàre. Ilẹ̀kùn là ń wò kí á tó fọmọ fọ́kọ."

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ Aasiyah ọmọ wọn pé. Ìyá àtọmọ ń se ìrẹsì nínú ilé, Alhaji sáré jáde lọ ra ẹlẹ́rìndòdò. Bó ṣe ń padà dé ni bọ́ọ̀sì àwọn àna ń dúró, láti Ipaja. Inú rẹ̀ dùn, òǹwòran ti dé. Ó na àtàǹpàkò sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn dún píì. Ohùn obìnrin kan láti inú rẹ̀ fi òyìnbó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

"Ó ń bá mi ṣeré ni ṣá." Ó fi agbádá nu ìka, ó tún tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n. Ó pọ́n ìka lá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbìyànjú tọwọ́ òsì. Obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń tẹ́ táìlì ládùúgbò Pleasure, sìmẹ́ńtì sì ti jẹ gbogbo ìlà ìka rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tẹ ilẹ̀kùn kó tó ṣí, kò sì sọ fẹ́nì kan. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ lóòótọ́, àmọ́ àtàǹpàkò máa ń dalẹ̀.

Àwọn àna jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Aasiyah kúnlẹ̀ sẹ́yìn irin fèrèsé, ó kí wọn. Ìyá àgbà kan nínú wọn wò ó títí, ó wá rọra bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Kí lọmọ yìí ṣe tí wọ́n fi tì í mọ́lé?"

Abọ́ ìrẹsì ò gba àárín irin kọjá. Ẹran ni Mọ̀dínátù ń nà sí wọn níkọ̀ọ̀kan, tó ń tọrọ àforíjì. Alhaji sì ti fẹnu kan ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Èmi ni. Èmi Raheem. Èmi ni mo rà ẹ́."

Wọ́n pe Olúbọ̀dé, ẹni tó bá a de ilẹ̀kùn náà; ó tó wákàtí kan kó tó fi ọ̀kadà dé. Kò tú nǹkan kan. Ó kàn gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin inú rẹ̀ sì fi òyìnbó kí i káàbọ̀ sílé rẹ̀.

"Ìka mi ni mo fi dán an wò lọ́jọ́ tí mo dè é," ni Olúbọ̀dé wí, tó ń wolẹ̀. "Mo gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò."

Bàbá Akínbọ́lá, bàbá ọkọ ìyàwó, dìde, ó gbọn eruku búlọ́ọ̀kù kúrò lára ṣòkòtò, ó kọjá lára Alhaji, ó sì tẹríba díẹ̀ fún Olúbọ̀dé.

"Ẹ kú ilé o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ yín la ti máa gba ọmọ ni, àbí ọwọ́ Alhaji?"