Àṣẹ Tó Jáde Nítorí Akéde Tó Gun Páwà-Báìkì

Kọ̀ǹgbà! Kọ̀ǹgbà! Kọ̀ǹgbà!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ọ tán o! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ìlàjì o!

Ẹ̀yin ará Òkè-Àpáta, ẹ kú ìsinmi ọ̀sán. Ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, ọlọ́mọ lẹ́yìn! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé àwo rẹ̀ dání kó máa bọ̀. Ẹni tó ń wẹ̀, kó fi aṣọ bora ná. Kábíyèsí, ọba Ìdó-Ayọ̀, ló rán akéde níṣẹ́. Akéde kò rán ara rẹ̀ o!

Ẹ má wo ohun tó wà lọ́wọ́ akéde. Ẹ ṣáà máa gbọ́.

Ó dáa, ẹ wò ó. Kì í ṣe agogo. Sàlẹ́ńsà ni, páìpù tí èéfín ń gbà jáde nídìí páwà-báìkì, alùpùpù ńlá. Agogo wà láàfin. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ akéde. Kábíyèsí ní ohun tó bo ohùn agogo mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà ni kí akéde máa lù kiri. Kọ̀ǹgbà! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí ìkòkò tó sán.

Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ akéde yìí, Ọdẹ́rìndé ni, ẹmẹsẹ̀ ààfin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ṣọ́ ẹnu akéde. Nítorí Kábíyèsí ní akéde kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní "èmi" títí àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi dáhùn "A gbọ́". Ó ní ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọba nù lójú ọ̀nà, kó sọ ara rẹ̀ náà nù fúngbà díẹ̀. Bí akéde bá ṣèèṣì sọ pé "mo" tàbí "èmi", kó fẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì lójú gbogbo ayé.

Ìsàlẹ̀-Odò ti dáhùn. Àgbède ti dáhùn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn. Ó ku ẹ̀yin. Bí ẹ kò bá dáhùn, agogo ti bọ́ lọ́wọ́ akéde nìyẹn. Ó di ti Sàká olóògùn eku.

Ẹ mọ Sàká. Ẹni tó gbé gbohùngbohùn sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ rò ó wò! Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí yóò wá máa jáde láàrin oògùn eku àti oògùn aáyán! Kábíyèsí ní kí gbogbo ìlú péjọ, ó ń pa eku, ó ń pa aáyán, ó ń pa ìdun! Ọba ń pa ìdun! Ṣé bó ṣe yẹ kí ìlú ẹni rí nìyẹn? Baba akéde lu agogo yẹn. Baba baba rẹ̀ lù ú. Mo bẹ̀ yín...

Fììììnn!

Ẹ má bínú. Akéde bẹ̀ yín.

Kí ẹni tó ti oko dé má baà sọ pé òun ò mọ ìdí ọ̀rọ̀, ìdí ọ̀rọ̀ rè é. Ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí, Oyèkàn lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ akéde ló ń ṣe. Ẹni tó dúró níwájú yín yìí ni, ṣùgbọ́n a ò ní tẹnu mọ́ ọn. Ọdún méjìléláàádọ́ta ló ti lò lókè eèpẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bó bá kéde ní Ìsàlẹ̀-Odò láàárọ̀, ó di ọjọ́ kejì kó tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní ìròyìn akéde ti kan kó tó dé. Ẹ ní bó bá kéde pé òjò ń bọ̀, aṣọ yín á ti rẹ tán, á sì ti gbẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Oyèkàn. Ó máa ń bá yín rẹ́rìn-ín. Ó ṣáà dùn ún.

Ìgbà náà ni Ìbítóyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti Abújá gbé páwà-báìkì kan wá pamọ́ sílé rẹ̀. Pupa fòò! Ìdí rẹ̀ ga sókè bí ìdí agbọ́n tó fẹ́ tani. Ìbítóyè ní kí Bùọ̀dá Oyè bá òun máa ṣíná sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí bátìrì má baà kú. Ṣé ẹ gbọ́? Ó ní kó máa ṣíná sí i. Kò ní kó gùn ún. Akéde tún un sọ: kò ní kó gùn ún!

Àmọ́ Oyèkàn náà, ìlàjì ló gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Títílọlá, kìlọ̀ fún un. Ó bi í bóyá ó ti gun alùpùpù rí. Oyèkàn ní òun gun kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà tí òun wà ní pámárì fáìfù. Títílọlá ní ìyẹn ò ní ẹ́ńjìnnì. Oyèkàn ní ohun gbogbo tó bá ti ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Títílọlá ní adìẹ náà ní ẹsẹ̀ méjì.

Rábíù mẹkáníìkì náà kìlọ̀. Ó ní kí bàbá kọ́kọ́ fi ọ̀kadà kékeré tí wọ́n fi ń kó iṣu kọ́ ọ fún ọdún kan, méjì. Ó ní ọ̀kadà kékeré, béèyàn bá ṣì í gùn, á dárí jini. Ó ní eléyìí kì í dárí jini. Oyèkàn rò pé Rábíù ń jowú ni. Ẹ wo ojú tó rò pé wọ́n ń jowú òun!

Iṣẹ́ tí Kábíyèsí rán an lọ́jọ́ náà, gbólóhùn kan péré ni. Kábíyèsí ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ẹran sílẹ̀ wá sójúde ààfin lọ́la, nítorí àwọn àna òun ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ-ọba. Ó tán! Ọmọ ọdún mẹ́ta á jẹ́ ẹ lórí ìdúró.

Oyèkàn gbé agogo kọ́rùn. Ó gun páwà-báìkì. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kanlẹ̀. Ó ní kí òun fún un níná díẹ̀. Díẹ̀ ti Oyèkàn ni o! Kì í ṣe díẹ̀ ti páwà-báìkì!

Ní Ìsàlẹ̀-Odò, wọ́n gbọ́ pé, "Ẹ gbọ́ o! Kábíyèsí ní kí ẹnikẹ́ni má..." Ó ti kọjá. Àgbède ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n rí nǹkan pupa, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tó fi máa fa ìyókù ọ̀rọ̀ yọ lọ́fun, ọ̀dọ̀ yín ló wà: "...tú ẹran sílẹ̀ wá sójúde ààfin lọ́la!"

Yé è!

Ìsàlẹ̀-Odò ò mọ ohun tí Kábíyèsí ní kí àwọn má ṣe. Wọn ò kúkú wá ṣe nǹkan kan mọ́. Wọn ò dáná. Wọn ò lọ sóko. Ẹni tó fẹ́ sín, ó gbé e mì. Jìmọ́ onígbàjámọ̀ ń fá irùngbọ̀n Bàbá Ọ̀ṣúnwálé lọ́wọ́, ó gbọ́ "má", ó ju abẹ sílẹ̀. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni bàbá fi gbé irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan jókòó sílé.

Ẹ̀yin ará Òkè-Àpáta ńkọ́? Ẹ gbọ́ràn. Ẹ wẹ ẹran yín. Ẹ kó ewúrẹ́, ẹ kó àgùntàn, ẹ kó ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kó tòlótòló. Ìyá Wúràọlá tó jókòó sídìí ọdán lọ́hùn-ún so ríbọ́ọ̀nù mọ́ òbúkọ rẹ̀ lọ́rùn. Òbúkọ yìí ló wọ àárín àwọn àna ọba. Wọ́n ń ka lẹ́tà ìtọrọ-ìyàwó lọ́wọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á dé pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà ààfin. Òbúkọ já lẹ́tà gbà. Ó jẹ òdòdó. Ó jẹ ọgbà. Ó fẹ́ jẹ orúkọ ọkọ ìyàwó kí wọ́n tó mú un. Bí wọ́n ṣe ti ẹran yín mọ́lé láàfin fún ọjọ́ márùn-ún nìyẹn, ẹran tí kò ṣẹ̀, ẹran ọlọ́ràn!

Ibo ni páwà-báìkì ti wá dúró? Ẹ mọ̀ ọ́n. Kòtò tí Ìyá Wúràọlá rẹ gbágùúdá sí. Oyèkàn wọlé ní dúdú, ó jáde ní funfun. Àwọn ọmọdé sá wọ igbó. Títí di òní, bó bá ń bọ̀, imú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rí i. Ó ti wá di akéde tó ń yára dé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín nídìí ògiri yẹn? Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ọba là ń sọ.

Kọ̀ǹgbà! Òfin kìíní! Ẹni tí kò gun alùpùpù rí kò gbọdọ̀ fi páwà-báìkì bẹ̀rẹ̀! A kì í gbé ọmọ tó ń kọ́ ìrìn lé orí òrùlé! Kékeré ni kó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń wú ikọ́ bó bá ń gun òkè! Ìjìyà: yóò fi ọwọ́ ti páwà-báìkì náà yí ìlú po lẹ́ẹ̀méje, yóò sì máa fẹnu ṣe ariwo ẹ̀!

Òfin kejì! Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kanlẹ̀ lórí alùpùpù, kó sọ̀ kalẹ̀! Ìka ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀! Ìjìyà: yóò fi ìka ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, yóò fi rìn bọ̀!

Òfin kẹta! Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ sọ mọ́ pé òun ti gun kẹ̀kẹ́ rí! Ìjìyà: yóò gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójú àwọn àna rẹ̀!

Òfin karùn-ún! Ohun tó bá yára ju ewúrẹ́ lọ, wọn kò gbọdọ̀ kéde lórí rẹ̀! Bí akéde bá ti ń kọjá ewúrẹ́, kó dúró, kó jẹ́ kí ewúrẹ́ ṣíwájú!

Ọdẹ́rìndé ń wúkọ́. Kí ló dé?

Ó ní akéde fo òfin kẹrin. Áà! Ìwé tí akọ̀wé ààfin kọ yìí, bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀ ló rí, mo sì... Fììììnn! Akéde sì ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Kò mọ̀ọ́mọ̀ fò ó. Ó dáa, ó mọ̀ọ́mọ̀. Òfin kẹrin! Oyèkàn yóò máa já ewé fún òbúkọ Ìyá Wúràọlá láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta! Bí òbúkọ bá kọ ewé náà, yóò lọ já òmíràn!

Ó tán.

Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?

...

Ẹ jọ̀ọ́ o. Kọ̀ǹgbà. Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?

Gbogbo yín ń wo Ìyá Wúràọlá. Akéde náà ń wò wọ́n. Bí wọn ò bá dáhùn, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Gbágùúdá wọn ló bàjẹ́. Òbúkọ wọn ló sùn sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n nawọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ló kù. Wọ́n ní òfin pọ̀, ẹ̀rín pọ̀, ṣùgbọ́n òbúkọ àwọn pàápàá mọ̀ pé bí nǹkan bá ń sáré jù, kéèyàn fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí Oyèkàn ò fi í sílẹ̀? Wọ́n ní kí akéde sọ ọ́ kó yé àwọn, kó má fi ẹ̀fẹ̀ bò ó.

Hẹ̀n.

Ẹ̀rù ni, Ìyá. Ẹ̀rù ba Oyèkàn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yí kí iná tó wọ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Bí ẹ̀rù bá sì ba èèyàn, kí ló máa ń ṣe? Ó máa ń di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Bó ṣe ń dì í mú, bẹ́ẹ̀ ló ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni páwà-báìkì ń sáré. Bó ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀ lẹ̀rù ń pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń dì í mú. Ọ̀kadà kékeré á jẹ́ kéèyàn bẹ̀rù kó tún ronú. Eléyìí ò fún un láyè. Kì í ṣe epo ló gbé Oyèkàn dé inú kòtò yín. Ẹ̀rù rẹ̀ ló gbé e dé bẹ̀. Ẹ̀rù pé wọ́n á sọ pé ó ti gbó. Ẹ̀rù Sàká olóògùn eku. Ìyẹn ló ti ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan páwà-báìkì rárá.

Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?

Ìyá Wúràọlá ya ẹnu. Ìyá ní, "A..."

Ìyá dákẹ́!

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! "A" kí ni? Ẹ má fi akéde sí àárín ọ̀nà! "A ò gbọ́" ni àbí "A gbọ́"? Ìyá ń gbọn eruku lára ìró wọn. Ìyá ń wo òbúkọ. Ìyá ní kí akéde náà mọ bí ìlàjì ọ̀rọ̀ ṣe ń rí lára. Ó ti mọ̀ ọ́n, Ìyá! Ó ti mọ̀ ọ́n!

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, Ìyá rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní, "...gbọ́." Gbogbo Òkè-Àpáta gbà á lẹ́nu wọn: A gbọ́ o!

Ọdẹ́rìndé, o gbọ́? Àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo. Èmi. Kò sí fììn!

Èmi ni o! Èmi Oyèkàn ni! Èmi ni mo gùn ún! Èmi ni mo sọ "má" nù lójú ọ̀nà! Èmi ni mo wọ kòtò! Èmi náà ló ń rùn yìí o!

Kábíyèsí ló ni àṣẹ. Tèmi ni ẹsẹ̀ tó gbé e wá. Ó dé láìyára. Ó sì dé ní odindi.

Kọ̀ǹgbà.