Ohun tí Rájí Afakọ̀ Bù Sẹ́ńjìnnì

Ẹ bá mi kí Rájí Afakọ̀, ọkọ Ràhámọ̀tù, Alágbára tí í fa ọmọ aráyé yọ nínú ẹrẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló ki ara rẹ̀ báyìí o. Ó ní àwọn ará Ìwó kì í mọyì ẹni ńlá àfi tó bá kú.

Lọ́dún 1956 tí à ń wí yìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ náà ti rìn débi pé òǹkà máìlì rẹ̀ ti yí padà sí òdo lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, bí lọ́rì bá rì lọ́nà Kuta, tàbí ó kú sí Olúpọ̀nnà, ṣéènì Rájí ni wọ́n ń wá.

Ara ọkọ̀ ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ ni kò ṣeé sọ. Dúró, dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò yé ráhùn.

"Ọ̀gá, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti dúdú bí ẹ̀dú. Ó yẹ ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Pààrọ̀ kẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ta ló pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi?"

Nígbà tí ìráhùn náà pọ̀ jù, Rájí ní kó má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́, òun fúnra òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè owó ọ́ìlì. Ó ti di fìlà àrán.

Rájí wá jókòó, ó ronú. Epo ṣáà ni epo ń jẹ́. Epo pupa tí gbogbo Ìwó ń jẹ tí ara wọn ń dán, ṣé irin ló máa wá pa? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Bí Ràhámọ̀tù bá ti lọ sọ́jà Odò-Orí, ọkọ rẹ̀ á yọ́ lọ sídìí garawa epo tí obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, á bù ú, ó di inú ẹ́ńjìnnì. Ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì yẹn sì ń mu ún bí aláàwẹ̀ tó ń ṣínu.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ń rùn bí ọbẹ̀," ni Dúró wí.

"Ebi ló ń pa ọ́."

Lọ́jọ́ tí Ràhámọ̀tù ṣí garawa tó bá a lábọ̀, igbe ta. Gbogbo agboolé pé jọ. Rájí náà sáré dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá Dúró.

"Ta ló tún ń wọlé wọ̀de níbí? Dúró ni! Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora!"

Fìlà àrán sì wà lórí ẹni tó ń pòwe.

Dúró kúnlẹ̀, ó búra, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn ó kéde ìgbéyàwó òun àti Lydia ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún olè? Ṣùgbọ́n Bàbá Mùkáílà, olórí agboolé, ní bí ilẹ̀ bá mọ́, kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ, àwọn ó sì ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àánú ọmọ náà ṣe Rájí díẹ̀. Ó sùn, àánú náà sì lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ mú bí ìyà. Rájí wọ agbádá funfun láti wá wo bí olè yóò ṣe lọ. Ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ kan ti sáré dé: lọ́rì obì kan ti kú sójú ọ̀nà Kuta! Kíá, Rájí ti bọ́ sínú ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnnì kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n tì í, kò mira.

"Òtútù ló mú un," ni Rájí wí. "Ẹ kó ẹ̀yinná sí i lábẹ́!"

Wọ́n kó o. Kò pẹ́, òórùn kan gba àgbàlá.

Bàbá Mùkáílà fín imú. "Ta ló ń dín àkàrà?"

Kò sẹ́ni tó ń dín nǹkan kan. Imú gbogbo èèyàn fà wọ́n lọ sídìí ọkọ̀. Dúró sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Rájí ké.

Dúró ti fa irin ìwọn ọ́ìlì yọ. Epo dídì tí kò tíì yọ́ tán lẹ̀ mọ́ ọn gbàgìdì. Ràhámọ̀tù fìka kàn án, ó tọ́ ọ wò.

"Yéè! Epo mi rèé o! Bó ṣe dì nínú garawa mi láàárọ̀ yìí náà nìyí!"

Dúró wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì, epo tí iná ti yọ́ sì ń dà wọ̀ọ̀ sílẹ̀.

"Rájí," ni Bàbá Mùkáílà pè é, "ta ló ń bu ọ́ìlì sọ́kọ̀ yìí?"

"Bàbá, mo kàn yá a ni. Ṣé ọkọ kò lè jẹ epo ìyàwó ẹ̀ ni?"

"O jẹ ẹ́ àbí o fi fún irin jẹ? O wá ń pe ọmọ ọlọ́mọ lólè! Dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Èmi? Fún dẹ́rẹ́bà mi?"

"N ò ní í tún un sọ."

Alágbára fẹ̀yìn rìn, ó fẹ̀yìn rìn, títí ó fi kan ara ọkọ̀. Kò síbi tí yóò sá gbà mọ́. Ó nà gbalaja síwájú Dúró, tagbádá-tagbádá, nínú epo. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú.

Dúró ní òun ti dárí jì í. Ẹni méjì na ọwọ́ láti fà á dìde. Ràhámọ̀tù figbe ta:

"Ẹ rọra gbé wọn o! Epo mi ló wà láyà wọn!"